Omi Tí Mo Gbẹ́ Fún Ìyàwó Mi

Ọdọọdún, tí sáà kejì bá ti wọlé, mo máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sí pátákó: omi líle. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé kan ní Ìkàrẹ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é débi pé mi kì í wo ìwé mọ́ kí n tó sọ ọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi líle ni omi tó gba inú òkúta kọjá, tó sì bu lára òkúta náà dání bó ṣe ń kọjá, tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Wọ́n á kọ ọ́. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín pé báwo lomi ṣe ń le. Èmi náà á rẹ́rìn-ín sí wọn bí ẹni tó gbọ́n.

Mo tètè ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé àìmọ̀ ló tú ilé mi. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n sórí bí àdúrà Olúwa. Ohun tí mi ò ṣe ni pé mi ò gbé e kúrò lára pátákó wọ ilé ìdáná màmá mi.

Ẹ̀wà ni màmá mi ń sè tà. Kì í gbé e lọ sọ́jà. Iwájú ilé wa ló ń jókòó sí láàárọ̀, àwọn ọmọ iléèwé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àtàwọn ọlọ́kadà á sì máa mú abọ́ wá bá a. Ẹ̀wà rẹ̀ kò nílò eyín. Àwọn arúgbó tí eyín ti tán lẹ́nu wọn ló máa ń kọ́kọ́ rán ọmọ wá kó má baà tán. Omi abẹ́ àpáta ló fi ń sè é, ìsun kan tó ń jáde lẹ́yìn àdúgbò wa. Omi náà tutù, kò sì ní ìjàngbọ̀n kankan. Bí ọṣẹ bá fara kàn án báyìí, ìfófòó á bo ọwọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta rẹ̀ a sì máa yọ̀ lásìkò òjò. Orí òkúta yẹn ni ẹ̀yìn màmá mi ti bàjẹ́. Látìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni mo ti ń rí i tó ń gun ibẹ̀ pẹ̀lú garawa lórí, tó bá sì délé, á fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú kó tó lè nàró.

Nígbà tí mo fẹ́ ṣègbéyàwó, mo pinnu pé ìyàwó mi ò ní fi orí kan garawa kankan. Ọmọ Ọ̀kà ni, aránṣọ ni, ẹ̀rín ò jìnnà sí ẹnu ẹ̀ rárá. Orúkọ tí gbogbo ayé ń pè mí náà ló ń pè mí, Tíṣà, ṣùgbọ́n bó bá ti ẹnu tirẹ̀ jáde, ó máa ń dà bíi pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mo gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ sí àgbàlá wa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn tó gbẹ́ ẹ fi lu àpáta kí wọ́n tó kan omi. Mo gbé táńkì sókè, mo fa páìpù wọ ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, mo sì fi ẹ̀rọ kan sí ojúde kí àwọn aládùúgbò lè máa rí omi pọn. Inú ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n mú ìyàwó mi wọlé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa, wọ́n dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, màmá mi sì bu omi tútù sí i lẹ́sẹ̀. Omi ẹ̀rọ tuntun yẹn ló bù. Ó ní, “Omi ò lọ́tàá. Ìwọ náà ò ní lọ́tàá nínú ulé yìí.” Gbogbo wa ṣe àmín. Àmín tèmi ló ròkè jù.

Àṣà kan wà nílé wa tí mi ò tíì bá pàdé níbòmíràn. Ìyàwó tó bá dé kẹ́yìn ló ń ṣan ẹ̀wà. Àwọn yòókù lè ṣa òkúta àti ìyàngbò kúrò nínú rẹ̀, wọ́n lè dáná, wọ́n lè rò ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyàwó tuntun ni omi àkọ́kọ́. Ìdí ni pé wọ́n gbà pé ẹ̀wà máa ń mọ ọwọ́. Bí inú ẹni tó ṣan án bá rọ̀, ẹ̀wà á rọ̀. Bí inú rẹ̀ bá le, kò sí igi tó lè mú un jinná. Màmá mi ti ṣan ẹ̀wà fún ìyá ọkọ rẹ̀ rí, ó sì máa ń fi yangàn pé láti ọjọ́ tí òun ti fọwọ́ kàn án, kò sí ìkòkò kan tó dójú ti òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìyàwó mi ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná, ó ṣan ẹ̀wà, ó gbé e kaná. Oòrùn là, oòrùn ga, ẹ̀wà ò rọ̀. Màmá mi koná mọ́ ọn. Ó bu kán-ún sí i, ó tún bù ú. Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé fi dé, ẹ̀wà ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nítorí kán-ún, ó sì ń dún lẹ́nu bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ àgbàdo yíyan. Màmá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, pé ẹ̀wà ọdún tó kọjá ni ẹni tó tà á fún òun kó fún òun. Ọjọ́ kejì náà le. Ó pààrọ̀ ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn náà le.

Ọlọ́kadà kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ó sì fi ṣàwàdà ni. Ó jókòó lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà, ó ní, “Ìyá, ẹ̀wà yín ti ń bá wa jà o. Àbí ọwọ́ ìyàwó tuntun ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n wò ó. Màmá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ní gbogbo àkókò yìí, àdúgbò ti fi ìsun sílẹ̀, ẹ̀rọ ojúde wa ni kálukú ń pọn. Wọ́n ń pè mí ní Bàbá Olómi, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọṣẹ ò hó mọ́. Wọ́n á fi ọṣẹ bọ́ọ̀lù ra aṣọ títí apá á fi máa ro wọ́n, ohun tí wọ́n á rí kò ju èérí funfun kan tó máa ń léfòó lójú omi bíi wàrà tó ti kan. Aṣọ funfun àwọn akọrin ìjọ wa di aláwọ̀ eérú. Irun àwọn obìnrin gan. Ara àwọn ọmọdé ń funfun láàárín òjò bí ẹni pé ọyẹ́ ló dé. Kẹ́tùlù wa kó ẹfun sínú, bí èèyàn bá sì da omi tíì, ègé ẹfun á bọ́ sínú ife pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ihò ẹ̀rọ tó ń da omi síni lórí nílé ìwẹ̀ wa dí lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi ku méjì péré tí omi ń gbà jáde.

Kálukú ló sì ní ẹni tó di ẹ̀bi rù. Àwọn kan ní àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ti ń fi iyẹ̀pẹ̀ lú u. Àwọn kan ní aṣọ ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ààfáà tó ń gbé nílé tó tẹ̀ lé tiwa ní òpin ayé ló dé, ọṣẹ gan-an ti rí i. Kò sẹ́ni tó wo omi. Omi náà mọ́ gaara nínú ife, ta ni ì bá fura sí i? Ìyàwó mi nìkan ló sún mọ́ ọn. Ó jáde láti ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ pa apá rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, omi yìí ò jọ ti Ọ̀kà. Kì í kúrò lára.” Mo ní omi ni omi ń jẹ́. Èmi, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì.

Nílé tiwa, ẹ̀bi ti rí orí tó bà lé. Síbẹ̀ màmá mi kì í ṣe òṣìkà, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń rò ó ni. Ó sọ fún mi pé kí n bi ìyàwó mi bóyá ohun kan wà tó ń dùn ún lọ́kàn. Mo bi í. Ó ní kò sí. Mo sọ fún màmá mi pé kò sí. Kò gbà mí gbọ́.

Nígbà náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó parí ọ̀rọ̀ náà. Tiransifọ́mà àdúgbò wa jó. Iná ò sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń fa omi ò lè ṣiṣẹ́, táńkì gbẹ. Mo ní kí ìyàwó mi lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọ̀kà títí iná á fi dé, kó má baà lọ máa gun òkúta. Màmá mi ní tirẹ̀ bẹ àwọn obìnrin àdúgbò, wọ́n ń bá a pọn omi abẹ́ àpáta. Òun fúnra rẹ̀ ṣan ẹ̀wà. Ẹ̀wà rọ̀. Ó rọ̀ bí ti àtijọ́, kò tiẹ̀ gba kán-ún. Àwọn arúgbó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọ. Wọ́n ń kí i pé ẹ kú ọwọ́, Ìyá, ọwọ́ yín la mọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iná dé, mo ránṣẹ́ pe ìyàwó mi, ó dé ní ìrọ̀lẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí ẹ̀rọ, wọ́n se ẹ̀wà. Ó le bí òkúta.

Màmá mi wò mí. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Ìwọ náà rí i báyìí.”

Mo rí i. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní kíláàsì pé bí ẹ bá ń dán nǹkan wò, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà, kí gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà, kí ẹ lè mọ ohun tó fà á. Nǹkan méjì ló yí padà nílé mi lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàwó àti omi, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi yí méjèèjì. Mo wo ìyàwó mi. Mi ò wo omi.

Màmá mi ní kó má ṣan ẹ̀wà mọ́. Ẹ̀wà le. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ti kan ìkòkò, ó ra ìkòkò tuntun. Ẹ̀wà le. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ti kan ààrò, ó tú ààrò, ó to òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀wà le. Ó ní kó má wọ ilé ìdáná mọ́ rárá. Ìyàwó mi wá ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní yàrá iwájú látàárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n bá se oúnjẹ tán, wọ́n á gbé tirẹ̀ wá bá a bí àlejò. Kí ló tún kù tó lè kó kúrò? Òun fúnra rẹ̀ ló kù. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó wá kí wa tiẹ̀ jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní ọwọ́ tí ẹ̀wà ò gbọ́, ṣé ọmọ á wá gbọ́ ọ? Ìyàwó mi gbọ́ ọ láti yàrá iwájú. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ, nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó tún dún.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo sì dákẹ́. Mo ní mò ń fi sùúrù ṣe é, pé obìnrin méjì ò ní ṣaláì jà, pé á tán. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ló ń bà mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo ń máàkì ìwé ìdánwò nínú pálọ̀ nígbà tí ìyàwó mi wá dúró sí iwájú mi.

“Tíṣà, ẹ̀yin náà gbà pé ọwọ́ mi ni?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.”

Mo ń tún ìwé iwájú mi tò, bẹ́ẹ̀ ó tò tẹ́lẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Ọ̀kà lónìí,” ó ní. “Nílé ìyá mi, màá ṣan ẹ̀wà lójú yín, màá sè é lójú yín, ẹ ó sì jẹ ẹ́. Bó bá le, ẹ fi mí sílẹ̀ síbẹ̀, mi ò ní bá yín jà. Bó bá rọ̀, ẹ bá mi sọ fún Màmá. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.”

Ọ̀kà ò jìnnà sí Ìkàrẹ́. Èèyàn lè jẹun àárọ̀ nílé, kó lọ, kó jẹ̀wà, kó sì padà wá jẹun ọ̀sán. Mo ní, “Jẹ́ kí n parí ìwé yìí ná. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ó dúró díẹ̀ sí i, bóyá mo tún máa sọ nǹkan. Mo tún gbé bírò, ó sì lọ. Mi ò rántí ohun tó wà nínú ìwé yẹn mọ́, mi ò sì rántí iye tí ẹnikẹ́ni gbà nínú ìdánwò náà.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ti iléèwé dé, mo bá yàrá iwájú lófìfo. Ó ti kó aṣọ rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ó gbálẹ̀ kó tó lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí ìwé mi. Màmá mi ní òun rí i nígbà tó ń kó ẹrù sọ́kọ̀, ó kúnlẹ̀ kí òun pé ó dàbọ̀, òun sì ṣàdúrà fún un.

Ní ọjọ́ kejì, màmá mi jí, ó ṣan ẹ̀wà, ó gbé e kaná. Ẹ̀wà le.

Èyí ló máa ń jẹ́ kí n kórìíra ara mi jù. Bí ó bá jẹ́ pé a ò mọ̀ títí di ọjọ́ náà, láti ọjọ́ náà lọ, a mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí a di ẹ̀bi rù ti lọ, ẹrù ṣì wà nílẹ̀. Màmá mi dúró ti ìkòkò, kò wojú mi, èmi náà ò wojú ẹ̀. Ìtìjú ti dé, ẹnu ò sì gbà á. Báwo la ṣe fẹ́ lọ bá àwọn àna wa, ká ní ẹ̀wà ṣì le o, ẹ bá wa dá ọmọ yín padà? Oṣù kan lẹ́yìn náà, màmá mi da ìkòkò dojú dé sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní ẹ̀yìn òun ò jẹ́ kí òun lè ṣe uṣẹ́ náà mọ́. Láàárọ̀, á ṣì jókòó síwájú ilé níbi tó máa ń jókòó sí. Àwọn èèyàn á kí i, wọ́n á kọjá.

Ó ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà kí ààfáà tó wọlé wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó mú bùútà tó fi ń ṣe àlùwàlá dání. Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá mi wo nǹkan yìí.” Ẹfun ti di ẹnu bùútà náà pa, omi ò lè gba ibẹ̀ jáde. Mo gbà á, mo yọ́nú sí i bí mo ṣe máa ń yọ́nú sí ọmọ tó bá béèrè ìbéèrè ní kíláàsì. Mo ní, “Ààfáà, omi líle lèyí. Ó ti inú òkúta gba nǹkan dání. Bí ẹ bá gbé e kaná, tàbí tó bá gbẹ, á fi ẹfun sílẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, òun ló ń ba aṣọ funfun jẹ́…” Ọ̀rọ̀ ń ṣàn lẹ́nu mi, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ lọ́dọọdún gẹ́lẹ́.

Ààfáà mi orí. Ó ní, “Á jẹ́ pé òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó mi ti ní òun ò ní fi omi ẹ̀rọ yín se ẹ̀wà mọ́. Omi abẹ́ àpáta ló ń lọ pọn bó bá fẹ́ sè é.”

Bùútà wà lọ́wọ́ mi. Mi ò lè gbé e kalẹ̀, mi ò sì lè dá a padà fún un. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ara mi yá.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí ìsun, mo sì fi orí ara mi ru omi wálé. Mo ra ẹ̀wà, mo pín in sí méjì, mo ṣan méjèèjì fúnra mi, mo gbé ìkòkò méjì kaná kan náà. Ohun kan ṣoṣo ni mo yí padà. Nígbà tí ó ṣe, mo pe màmá mi. Ó fi ṣíbí bu ẹyọ díẹ̀ nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ìsun fọ́ sí i lọ́wọ́. Ti ẹ̀rọ ò fọ́.

“Omi ni,” ó ní.

“Omi ni, Màmá.”

Ó jókòó sórí àpótí. Ó ní, “Ìwọ lo gbẹ́ ẹ. Èmi ni mo bù ú sí i lẹ́sẹ̀.” Ó fi ìborùn nu ojú rẹ̀. Mi ò tíì rí i kó sunkún láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé, “Lọ mú un wá. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó máa bọ̀ nílé.”

Mo bu omi ẹ̀rọ wa kún kẹ́ẹ̀gì kan, kí n lè fi ṣe ẹ̀rí níwájú àwọn àna mi. Mo gbé e sáàárín ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ Ọ̀kà. Bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè, mò ń to ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ti pinnu pé tí mo bá ti rí ìyàwó mi, ìdọ̀bálẹ̀ ni màá kọ́kọ́ ṣe, kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni mo bá níwájú ilé, ó ń pa ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó fún mi ní ìjókòó, ó bi mí léèrè ara màmá mi. Lẹ́yìn náà ló wo ẹsẹ̀ mi.

“Kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yìí, Tíṣà?”

“Omi ilé wa ni, Màmá.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí òkúta dé orí bùútà, dé orí ìkòkò méjì. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró lára ẹ̀gúsí.

“Ó ti mọ̀,” ó ní. “Ọjọ́ kejì tó dé ló se ẹ̀wà, ó sì rọ̀ kíá. Ó ní, ‘Màmá, omi wọn ni.’ Mo ní kó jẹ́ kí n wá bá màmá yín, kí n sọ fún wọn. Ó ní kí n má lọ. Ó ní ẹ ti sọ pé ẹ máa wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Mo fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ ìjókòó mi.

“Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, á se ẹ̀wà. Á bu tiyín sọ́tọ̀, á dé e. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó gbé e fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọdún fi yí po. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkùnrin kan wá láti Ìṣùà, ó ní òun fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ló wà báyìí. Ó ti bímọ.”

Kò bú mi. Bó bá bú mi ni, ì bá sàn fún mi. Ó gbé oúnjẹ wá fún mi, mo sì jẹ ẹ́, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ̀ ọ́. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, mo fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ níbi tó wà. Ó pè mí padà. Ó ní, “Ẹ gbé omi yín dání, Tíṣà. Àwa náà lómi.”

Nígbà tí mo délé, màmá mi ti gbé àpótí jáde síwájú ilé, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìjọ. Ìkòkò rẹ̀ tó dojú dé sẹ́yìnkùlé látọjọ́ pípẹ́ ti wà lórí ààrò, ó ti fọ̀ ọ́. Omi ìsun wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mi ò mọ ẹni tó bẹ̀ kó bá òun pọn ọ́n. Igbá kan wà lórí itan rẹ̀ tó kún fún ẹ̀wà tó ti ṣà mọ́ tónítóní, kò sí òkúta kan níbẹ̀.

Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan ń bọ̀.

“Mi ò tíì ṣan án,” ó ní. “Ọwọ́ tirẹ̀ ni kó ṣan án.”

Mo sọ fún un pé ó ti lọ́kọ. Màmá mi gbé igbá náà wọ ilé ìdáná, ó gbé e sórí àga, ó sì fi àwo dé e. Ibẹ̀ ló wà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ la ò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti abẹ́ àwo, màmá mi pè mí, ó ní kí n lọ dà á nù. Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo dà á. Mo wá ṣí ẹ̀rọ láti fọ ọwọ́ mi. Mo fi ọṣẹ pa á, pa á, kò hó.